Ráífù wo ni kí ẹ gbé lọ bá ẹran ńlá fún ìgbà àkọ́kọ́ ní Áfíríkà? Ìfiwéra .30-06, .375, .416 àti ìbọn ẹlẹ́nu méjì

Ọdún tí mo kọ́kọ́ lọ bá ẹfọ̀n ní àfonífojì odò Zambezi, ní Sìmbábúè, ráífù .458 Lott ni mo gbé kọ́ èjìká (nọ́ńbà bíi .458 ń sọ bí ọta ṣe fẹ̀ tó ní íńṣì, ó kéré tán ó máa ń sún mọ́ ọn). Èrò mi nígbà náà ni pé bí ẹran bá ṣe tóbi tó, bẹ́ẹ̀ ni ìbọn ṣe gbọ́dọ̀ tóbi tó. Ọta ogún péré ni mo tíì yìn nínú rẹ̀ kí n tó wọ ọkọ̀ òfuurufú, nítorí èjìká mi kì í gbà ju mẹ́ta lọ lójúmọ́. Nígbà tí a rí akọ ẹfọ̀n kan tó fi ẹ̀gbẹ́ kọ wá, tí kò ju ogójì mítà lọ, ara mi ta gìrì kí ìbọn tó dún. Ikùn ni ọta bà. Wákàtí mẹ́fà la fi tọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ nínú igbó tó dí, ọdẹ amọ̀nà mi ló sì parí rẹ̀. Ìrora wákàtí mẹ́fà tí mo kó bá ẹranko yẹn ṣì ń dùn mí. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ ìfiwéra yìí fún ẹni tó ń múra àtilọ.

Ẹran wo lẹ ń lọ bá?

Àwọn ọdẹ tó ń gba àlejò ní ìhà gúúsù Áfíríkà pín ẹran sí ọ̀nà méjì. Ẹran pẹ̀tẹ́lẹ̀ ni àwọn ẹran oníwo tó ń jẹ koríko, bíi kúdù, gemsbok, wildebeest, ìmpálà àti élándì, pẹ̀lú kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ abilà àti ìmàdò. Ẹran eléwu ni ẹfọ̀n, erin, kìnnìún, ẹkùn, erinmi àti ọ̀nì. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń lọ fún ìgbà àkọ́kọ́ máa ń gba orílẹ̀-èdè Gúúsù Áfíríkà tàbí Nàmíbíà lọ fún ẹran pẹ̀tẹ́lẹ̀. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá fà sí ẹfọ̀n lè yà sí Sìmbábúè, Sámbíà, Mòsáḿbíìkì tàbí Tànsáníà. Kẹ́ńyà ní tirẹ̀ ti fòfin de irú ọdẹ yìí láti 1977. Bòtswánà dá a dúró ní 2014, ó sì tún ṣí i ní 2019.

Òfin ti bá yín yan díẹ̀ nínú ìbọn náà. Nàmíbíà fẹ́ kí agbára ọta ní ẹnu ìbọn tó 1,350 júùlù fún àwọn ẹran kéékèèké bíi springbok, 2,700 fún kúdù, gemsbok àti irú wọn, àti 5,400 fún ẹfọ̀n àti erin. Sìmbábúè ní kí ọta tí a máa fi bá ẹfọ̀n tàbí erin fẹ̀ tó mílímítà 9.2, kí agbára rẹ̀ sì tó 5,300 júùlù. Ní Tànsáníà, .375 ni ìbẹ̀rẹ̀ fún ẹran eléwu. Nítorí náà, bí orúkọ ẹfọ̀n bá wà nínú ìwé àdéhùn yín, .30-06 ti kúrò nínú ọ̀rọ̀ náà, bó ti wù kí ọwọ́ yín mọ́ ọn lára tó.

Bí àwọn ìbọn náà ṣe rí nìyí bí a bá tò wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Iye wọ̀nyí lè yí díẹ̀ láti ọ̀dọ̀ aṣọta kan sí èkejì. Gíréènì ni wọ́n fi ń wọn ọta, bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló wà nínú gíráàmù kan. Òpó tó kẹ́yìn sọ bí ìbọn ṣe ń gbá èjìká, bí a bá fi ti .30-06 ṣe òdiwọ̀n.

| Ráífù | Ọdún tó jáde | Ìwúwo ọta (gíréènì) | Ìyára (mítà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan) | Agbára (júùlù) | Bó ṣe ń gbá èjìká |
|---|---|---|---|---|---|
| .30-06 Springfield | 1906 | 180 | 820 | 3,950 | òdiwọ̀n |
| .300 Winchester Magnum | 1963 | 180 | 900 | 4,700 | ó lé díẹ̀ |
| 9.3x62 | 1905 | 286 | 720 | 4,800 | bíi ìlọ́po kan àti ààbọ̀ |
| .375 H&H Magnum | 1912 | 300 | 770 | 5,750 | bíi ìlọ́po méjì |
| .416 Rigby | 1911 | 400 | 720 | 6,750 | bíi ìlọ́po mẹ́ta |
| .470 Nitro Express | 1900 | 500 | 655 | 6,950 | bíi ìlọ́po mẹ́ta |
| .458 Lott | 1971 | 500 | 700 | 7,950 | ó lé ní ìlọ́po mẹ́ta |

Òpó agbára ni gbogbo ènìyàn máa ń kọ́kọ́ wò. Èmi náà, òun ni mo kọ́kọ́ wò. Èyí tó kẹ́yìn gan-an ni kí ẹ kà lẹ́ẹ̀mejì.

Fún ẹran pẹ̀tẹ́lẹ̀: .30-06 tàbí .300?

Àwọn méjèèjì yóò pa kúdù, wọn yóò sì pa kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ abilà. Ohun tí .300 fi ju .30-06 lọ ni pé ọta rẹ̀ kì í tètè wálẹ̀, èyí sì wúlò ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ gbalasa àti lórí òkè Nàmíbíà, níbi tí ẹran ti lè dúró jìnnà ju igba mítà lọ. Ní igbó ẹlẹ́gùn-ún ti ìhà àríwá Gúúsù Áfíríkà, ọgọ́rùn-ún mítà tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìbọn ti ń dún, àǹfààní yẹn kò sì sí níbẹ̀. Ohun tí .300 máa ń gbà padà lọ́wọ́ yín ni ariwo àti ìgbáni. Bí Nàmíbíà kọ́ lẹ ń lọ, .30-06 ni mo máa mú láìṣe àníyàn.

Bí ẹ bá ti ní .308, .270 tàbí 7x57 nílé tí ọwọ́ yín ti mọ́, ẹ má ra òmíràn nítorí ìrìn àjò kan. Ẹ ra ọta tó dára fún un. Élándì nìkan ni mo yọ sílẹ̀, nítorí àgbà akọ rẹ̀ lè wọn tó 900 kílò. Fún òun, .300 pẹ̀lú ọta tó le ni kó kéré jù, .375 sì sàn jù ú lọ.

Ẹni tó ti ń pa àgbọ̀nrín ilẹ̀ Yúróòpù tàbí Amẹ́ríkà gbọ́dọ̀ yí ojú ìfojúsùn rẹ̀ padà. Níbẹ̀, wọ́n kọ́ wa pé kí a fojú sun ẹ̀yìn èjìká. Ọkàn ẹran Áfíríkà máa ń wà nísàlẹ̀, ní àárín èjìká gan-an. Ẹ tẹ̀ lé ẹsẹ̀ iwájú gòkè títí dé ìdá kan nínú mẹ́ta ara rẹ̀, ibẹ̀ ni kí ọta wọ̀. Ẹni tó bá fojú sun ẹ̀yìn èjìká, ọta rẹ̀ lè gba ikùn.

Fún ẹfọ̀n: .375 tàbí .416?

Ibí yìí ni àríyànjiyàn ti ń pọ̀ jù, ibẹ̀ náà ni owó sì ti ń ṣòfò jù.

Ilé iṣẹ́ Holland & Holland ló gbé .375 H&H jáde ní 1912. Ọta rẹ̀ oní-300 gíréènì máa ń wálẹ̀ lójú ọ̀nà bíi ti .30-06 oní-180 gíréènì, débi pé ẹni tó bá mọ ìkan yóò tètè mọ èkejì. Èyí túmọ̀ sí pé ìbọn kan ṣoṣo lè pa ẹfọ̀n ní àárọ̀, kó sì pa kúdù tó wà ní igba mítà ní ìrọ̀lẹ́. Mi ò mọ òmíràn nínú àwọn tó wà lókè yìí tó lè ṣe méjèèjì dáadáa báyìí. Ọta rẹ̀ sì wọ́pọ̀. Bí àpótí ọta yín bá sọnù lójú ọ̀nà, ó ṣeé ṣe kí àgọ́ tí ẹ dé ní .375 nílẹ̀.

.416 Rigby dàgbà ju .375 lọ pẹ̀lú ọdún kan. Wọ́n ṣe ilé ọta rẹ̀ (kátíríìjì) tóbi kí ìtì inú rẹ̀, ìyẹn ipá tí ẹ̀tù ń yọ bó ṣe ń jó, má bàa ga jù, nítorí ẹ̀tù ìgbà náà máa ń gbóná ju bó ṣe yẹ lọ nínú oòrùn ilẹ̀ olóoru, òfìfo kátíríìjì á sì há sínú ìbọn. Ọgbọ́n tó dára ni. Àbùkù rẹ̀ ni pé ìbọn tó máa gbé e gbọ́dọ̀ tóbi, kó wúwo, ọta rẹ̀ sì wọ́n. Remington wá gbé .416 tiwọn jáde ní 1988, ó ń ṣe iṣẹ́ kan náà nínú ìbọn tó kéré díẹ̀, ṣùgbọ́n ìtì inú rẹ̀ ga ju ti Rigby lọ.

Kí ni .416 fún yín tí .375 kò fún yín? Ọta tó fẹ̀ sí i, tó wúwo sí i, tí ẹfọ̀n sì máa ń fi hàn lójú ẹsẹ̀ pé ó ba òun. Nígbà tí ẹfọ̀n tó ti fara gbọgbẹ́ bá yí ojú padà, .416 ni mo máa fẹ́ kó wà lọ́wọ́ ọdẹ amọ̀nà. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọdẹ amọ̀nà nìyẹn, òun ló sì ń gbé irú ìbọn bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ tiyín ni ọta àkọ́kọ́, nígbà tí ẹran dúró jẹ́ẹ́, tí ẹ ti gbé ìbọn lé igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Ọta .375 tó wọ èjìká ẹfọ̀n níbi tó yẹ máa pa á. Ọta .416 tó bá ikùn rẹ̀ kò ní ṣe ju bí .458 tèmi ti ṣe lọ.

Nítorí náà, .375 ni mo yàn fún ẹni tó ń lọ fún ìgbà àkọ́kọ́, mi ò sì ṣiyèméjì. Ẹni tó ti yìn .375 fún ọdún méjì láìta gìrì lè wo .416 lẹ́yìn náà. Wọ́n tún ní .375 Ruger, tó jáde ní 2007, tó ń ṣe iṣẹ́ .375 H&H nínú ìbọn tó kúrú. Ìbọn dáadáa ni, ọta rẹ̀ nìkan ni kò fi bẹ́ẹ̀ wọ́pọ̀ ní àwọn àgọ́.

9.3x62 wà láàárín. Otto Bock, aṣèbọn ará Berlin, ló ṣe é ní 1905 fún àwọn àgbẹ̀ Jámánì tó wà ní Áfíríkà, ó sì ti pa ẹran lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. Ìgbáni rẹ̀ kò pọ̀. Àmọ́ ọ̀pọ̀ ọta rẹ̀ tí wọ́n ń tà kì í dé 5,300 júùlù, òfin sì lè dá yín padà lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ bi ọdẹ amọ̀nà yín kí ẹ tó pinnu.

Ẹnì kan á sọ pé W.D.M. Bell, ọdẹ erin ìgbà àtijọ́, pa erin tó lé ní ẹgbẹ̀rún, ìbọn kékeré oní-7 mílímítà ló sì fi pa èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Òótọ́ ni. Bell mọ egungun orí erin bí ẹni mọ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó ń bá wọn gbé inú igbó fún ọdún púpọ̀, òfin òní kò sì sí nígbà ayé rẹ̀. Ẹni tó ń lọ fún ọjọ́ mẹ́wàá kò lè fi tirẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ.

Ní ti .458, Winchester gbé tiwọn jáde ní 1956. Ẹ̀tù tí wọ́n tì pọ̀ sínú rẹ̀ máa ń dì bí ó bá pẹ́ nílẹ̀, ọta míì a sì jáde láìlágbára. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Jack Lott, tí ẹfọ̀n ti ṣe léṣe ní Mòsáḿbíìkì, ló fa ilé ọta náà gùn sí i títí ó fi di .458 Lott. Ìbọn ẹni tó ń dúró de erin ni. Kò yẹ kó jẹ́ ìbọn ńlá àkọ́kọ́ ẹnikẹ́ni.

Oníbóòtù tàbí ẹlẹ́nu méjì?

Oníbóòtù ni ìbọn ọlọ́pàá kan tí a ń fi ọwọ́ fa irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ (bóòtù) kí ọta tuntun tó wọlé; ẹlẹ́nu méjì ní ọ̀pá méjì, ọta kọ̀ọ̀kan sì wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo mọ ìdí tí ìbọn ẹlẹ́nu méjì fi ń wu ènìyàn. Ó rẹwà, ó sì ń jẹ́ kí ọta kejì jáde láìyí ọwọ́ padà kúrò níbi tó wà. Fún ẹfọ̀n tó ń bọ̀ lórí ìbínú, kò sí ohun tó yára tó o. Ọta tó máa ń jẹ, bíi .470, ní ètè nídìí kí òfìfo rẹ̀ lè tètè jáde.

Ẹ gbọ́ èkejì rẹ̀. Aṣèbọn ló máa so ọ̀pá méjèèjì pọ̀ kí ọta wọn lè pàdé ní ibi kan, ó sì jẹ́ pé irú ọta kan pàtó ni wọ́n fi so ó. Ẹ yí ọta padà, ọta ọ̀tún á gba ibì kan, ti òsì á gba ibòmíràn. Irin ìfojúsùn ni ọ̀pọ̀ wọn ní, kò sì yẹ kí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lò kọjá ọgọ́ta tàbí ọgọ́rin mítà pẹ̀lú rẹ̀. Iye owó ẹyọ kan tuntun lè ra ìbọn oníbóòtù márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Fún ìrìn àjò àkọ́kọ́, ẹ fi sílẹ̀.

Nínú àwọn oníbóòtù náà, ìyàtọ̀ kan wà tí ẹni tó ń tà á lè má sọ. Irú ti Mauser 98 ní èékánná irin gígùn tó máa ń di ìdí ọta mú bó ṣe ń kúrò nínú àpótí ọta, tí kò ní jọ̀wọ́ rẹ̀ títí òfìfo rẹ̀ á fi jáde. Bí ẹ bá fa bóòtù rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ẹ bá fà á nígbà tí ẹ ń sá sẹ́yìn, ọta kì í há. Winchester Model 70 tó jáde láti 1936 sí 1963 ní irú èyí, wọ́n yọ ọ́ ní 1964, wọ́n sì dá a padà ní àwọn ọdún 1990. CZ 550 àti Ruger Hawkeye náà ní i. Irú kejì, bíi Remington 700, máa ń ti ọta lásán wọnú ihò rẹ̀ kó tó dì í mú. Bí ẹ bá fà á dé ìdajì tí ẹ sì tún tì í padà nítorí ìpayà, ọta méjì lè pàdé níbẹ̀. Fún kúdù, kò ṣe nǹkan kan. Fún ẹfọ̀n, èékánná Mauser ni kí ẹ ra.

Ọta ju ìbọn lọ

Ọta olórí rírọ̀ ti àtijọ́ máa ń fọ́ lórí egungun èjìká. Ẹ ra èyí tí wọ́n fi òjé rẹ̀ lẹ̀ mọ́ bàbà, bíi Swift A-Frame, tàbí èyí tó jẹ́ bàbà látòkè délẹ̀, bíi Barnes TSX. Nosler Partition, tó ti wà láti 1948, ṣì ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ dáadáa fún ẹran pẹ̀tẹ́lẹ̀. Fún ẹfọ̀n, ọ̀pọ̀ ọdẹ amọ̀nà máa ní kí ẹ fi olórí rírọ̀ tó le ṣe ti àkọ́kọ́, kí ọta líle tí kì í là tẹ̀ lé e, nítorí ẹfọ̀n yóò ti yí ìdí kọ yín kí ti kejì tó jáde, ọta sì gbọ́dọ̀ la ara rẹ̀ já láti ẹ̀yìn dé àyà. Fún erin, ọta líle nìkan ni. Ẹ rí i dájú pé ibì kan náà ni irú méjèèjì ń bà nínú ìbọn yín.

Nípa awò, gíláàsì ìfojúsùn tó ń wà lórí ìbọn, èyí tó ń sọ nǹkan di ńlá ní ìlọ́po 1 sí 6 tàbí 1.5 sí 5 ló yẹ .375. Àlàfo láàárín ojú yín àti awò kò gbọ́dọ̀ dín ní sẹ̀ǹtímítà mẹ́sàn-án, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, etí awò á gé yín lórí ìpéǹpéjú. Àpá tèmi ṣì wà níbẹ̀. Irin ìfojúsùn gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ rẹ̀ tí awò bá fọ́.

Kí ẹ gbé tiyín lọ, tàbí kí ẹ yá ti àgọ́?

Ọ̀pọ̀ àgọ́ ló ń yá àlejò ní ìbọn lójúmọ́ lówó. Fún ẹran pẹ̀tẹ́lẹ̀, mi ò rí ohun tó burú níbẹ̀: ẹ lo ọjọ́ àkọ́kọ́ láti yìn ín títí ẹ fi mọ̀ ọ́n. Fún ẹfọ̀n, ìbọn tí ọwọ́ yín ti mọ́ láti ilé ni mo fẹ́.

Bí ẹ bá ń gbé tiyín lọ sí Gúúsù Áfíríkà, fọ́ọ̀mù SAPS 520 ti iléeṣẹ́ ọlọ́pàá wọn ni ẹ máa kọ, ẹ má sì buwọ́ lù ú títí ẹ fi dé iwájú ọlọ́pàá. Wọ́n máa béèrè ìwé ìkésíni láti ọ̀dọ̀ ẹni tó gbà yín lálejò. Ọta igba ni wọ́n gbà fún ìbọn kan, ìbọn tó ń kó ọta sẹ́nu fúnra rẹ̀ kò sì wọlé. Kílò márùn-ún ọta ni ọkọ̀ òfuurufú máa ń gbà lọ́wọ́ ẹnì kan. Ọta .375 ọgọ́ta kò tó kílò mẹ́ta, ó sì tó yín fún ọjọ́ mẹ́wàá. Ẹ tún ṣèwádìí nípa orílẹ̀-èdè tí ẹ máa ti yí ọkọ̀ padà, nítorí àwọn kan ń béèrè ìwé ìbọn lọ́wọ́ ẹni tó kàn ń kọjá.

Ohun tí mo ṣe nígbà kejì, tí mo gbé .375 lọ, nìyí. Mo fi tábìlì ṣètò awò lọ́jọ́ kan ṣoṣo, mi ò sì jókòó sídìí tábìlì mọ́, nítorí orí ìjókòó ni ìbọn ńlá ti ń gbáni jù. Oṣù mẹ́rin ni mo fi ń yìn ín ní ìdúró, lórí igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ọta mẹ́wàá lọ́sẹ̀, pẹ̀lú ọta .22 tó pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárín kí ara lè gbàgbé ìbẹ̀rù. Àwo irin tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mo ń fojú sun, ní àádọ́ta mítà àti ní ọgọ́rùn-ún. Ọta kejì gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé ti àkọ́kọ́ láìgbé ìbọn kúrò ní èjìká. Ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án ni mo tó bẹ̀rẹ̀ sí í ba àwo náà ní gbogbo ìgbà, ọjọ́ yẹn gan-an ni mo sì tó kọ̀wé sí ọdẹ amọ̀nà pé kó fi ẹfọ̀n kún ìwé àdéhùn mi.